Bí òfin kò bá dárúkọ ọkùnrin, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìjẹgàba ọkùnrin nìyẹn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Wọ́n fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mo ń ṣe akọ̀wé fún, mo sì fẹ́ gba ìmọ̀ràn kí n tó gbé e padà síwájú ìgbìmọ̀. Ìwé òfin ẹgbẹ́ náà ti gbó, wọ́n sì ní kí n tún un kọ ní èdè Yorùbá tí ó já gaara. Nínú rẹ̀ ni òfin ẹ̀yáwó wà, èyí tí ó sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olórí ìdílé rẹ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Kò sí ọkùnrin nínú gbólóhùn yẹn, kò sì sí obìnrin. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bí ọkùnrin bá mú fọ́ọ̀mù wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò buwọ́ lu àyè méjèèjì, àyè ẹni tí ń yá owó àti àyè olórí ìdílé, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohunkóhun. Bí obìnrin bá mú tirẹ̀ wá, a ó dá a padà pé kí ó lọ gba ìbuwọ́lù ọkọ rẹ̀. Èyí tí ọkọ rẹ̀ ti kú yóò máa wá àbúrò ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kiri, kódà bí ó bá jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà.

Mo dábàá pé kí a yọ òfin náà kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ dá mi lóhùn pé èdè wa kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Pé “ó” kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, “ẹni” kan náà, “ọmọ” kan náà, “ẹ̀gbọ́n” àti “àbúrò” kan náà, nítorí náà ìjà tí àwọn ará ibòmíràn ń jà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu kò kàn wá rárá. Ó ní bí àbùkù kan bá wà, ọwọ́ àwọn tí ń lo òfin ni ó wà, kì í ṣe inú òfin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lásán.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé òótọ́ ni pé èdè tí kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo kò lè gba ìjẹgàba ọkùnrin mọ́ra? Bí ó bá sì gbà á mọ́ra, ṣé àtúnkọ ọ̀rọ̀ lè yí nǹkan kan padà, àbí ìwà ni kí a kọ́kọ́ mójú tó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èébú dáhùn. N kò wá bá ọkùnrin jà. Ọkùnrin ni èmi náà.


Agbẹjọ́rò Tó Ti Fẹ̀yìntì

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Àgbà ìgbìmọ̀ yín sọ apá kan òótọ́, ṣùgbọ́n ó fi apá tí ó wúwo jù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà òfin wọ̀ ọ́, nítorí pé ní kóòtù ni a ti máa ń rí ohun tí ọ̀rọ̀ kan lè ṣe fún ẹni tí ó lágbára àti ohun tí ó lè fi ẹni tí kò lágbára ṣe.

Ní 1850, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé níbikíbi tí òfin bá ti lo ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ka sí ọkùnrin, kí a gbà pé obìnrin wà nínú rẹ̀, àfi bí òfin náà bá sọ ní pàtó pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1867, nígbà tí wọ́n ń jíròrò òfin tí yóò fi kún iye àwọn tí ó lè dìbò, aṣòfin kan, John Stuart Mill, dábàá pé kí wọ́n yọ “man” (ọkùnrin) kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n fi “person” (ẹni) rọ́pò. Aṣòfin 73 fara mọ́ ọn, 196 kọ̀ ọ́. Ni òfin náà bá jáde pẹ̀lú “man” nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin onílé ní Manchester, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wá sọ pé kò burú, òfin 1850 ti sọ pé “man” kó àwọn náà mọ́ra, nítorí náà kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sínú ìwé olùdìbò. Ẹjọ́ Chorlton àti Lings ni wọ́n ń pe ẹjọ́ tí ó ti ibẹ̀ yọ ní 1868. Àwọn adájọ́ ní rárá: nínú òfin ìdìbò, ọkùnrin nìkan ni “man” ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí kan náà ń san owó orí ilé wọn, wọ́n sì ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ àwọn òfin tí a fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìyà bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó kan obìnrin. Bí ẹ̀tọ́ bá wà nínú rẹ̀, ó fò wọ́n dá.

Ẹ lè sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fa ìyẹn, bí àgbà yín yóò ti wí. Ẹ wá wo Kánádà. Ìwé òfin wọn ti 1867 sọ pé “àwọn ẹni tí ó kún ojú òṣùwọ̀n” ni a lè yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. “Ẹni” ni ó wà níbẹ̀, kò sí akọ, kò sí abo. Nígbà tí Emily Murphy di adájọ́ ní Edmonton ní 1916, agbẹjọ́rò kan dìde ní kóòtù rẹ̀ pé ìdájọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé obìnrin kì í ṣe “ẹni” lójú òfin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun àti obìnrin mẹ́rin mìíràn mú kí ìbéèrè náà dé iwájú ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kánádà, ilé ẹjọ́ náà sì dáhùn ní 1928 pé obìnrin kò sí lára “àwọn ẹni” tí ìwé òfin ń sọ. Ó di oṣù kẹwàá 1929 kí ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council ní London, tí ẹjọ́ Kánádà ṣì ń lọ bá nígbà náà, tó yí i padà. Nítorí náà, “ẹni” tí àgbà yín fi ń yangàn ti jẹ́jọ́ rí, ó sì ti jẹ̀bi rí.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Switzerland. Ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé gbogbo ará Switzerland dọ́gba lójú òfin. Ní 1887, Emilie Kempin-Spyri, tí ó kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin lọ́dún yẹn kan náà, sọ ní ilé ẹjọ́ àpapọ̀ pé bí ó bá jẹ́ “gbogbo ará Switzerland” ni, òun náà wà níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró bí agbẹjọ́rò. Ilé ẹjọ́ ní èrò rẹ̀ tuntun, ó sì láyà, wọ́n sì dá a padà. Ní oṣù kọkànlá 1990, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ló wá sọ fún ẹkùn Appenzell Innerrhoden, níbi tí àwọn ọkùnrin ṣì ti kọ̀ kí obìnrin dìbò, pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé òfin ẹkùn náà fún ọmọ ìlú tí ó lè dìbò kó obìnrin mọ́ra láìjẹ́ pé a yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 103 yẹn? Ayé ti yí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn adájọ́ 1990 fẹsẹ̀ tẹ̀ ni gbólóhùn tí àwọn ará ìlú dìbò fi kún ìwé òfin àpapọ̀ ní 1981, èyí tí ó dárúkọ ọkùnrin, tí ó sì dárúkọ obìnrin, pé ẹ̀tọ́ wọn dọ́gba.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn mi wà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá lè túmọ̀ sí ọ̀nà méjì, ẹni tí ó jókòó sórí àga ni ó ni ín. Bí ẹ bá fi “ẹni” sílẹ̀ lásán, ẹ ti fún akápò yín ní àṣẹ láti pinnu ẹni tí í ṣe ẹni.

Ní ti “olórí ìdílé” fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Òfin Faransé ti 1804 pàṣẹ pé kí aya máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Ó di 1965 kí aya tó lè ṣí àkáǹtì báǹkì tàbí gba iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i, ó sì di 1970 kí wọ́n tó yọ ipò olórí ìdílé kúrò nínú òfin pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ń béèrè olórí ilé títí ìkànìyàn 1980 fi yọ ọ́ kúrò. Kí ó tó di ìgbà náà, bí tọkọtaya bá jọ ń gbé, ọkọ ni wọ́n ń kà sí olórí, wọn kì í wádìí ẹni tí ń gbọ́ bùkátà. Bí ẹ ṣe ń lo òfin yín gan-an nìyẹn.


Aṣiyèméjì

Mo ka ọ̀rọ̀ Agbẹjọ́rò, mo sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn àpẹẹrẹ yẹn ń ti ẹ̀yìn àgbà ìgbìmọ̀ náà ju bí ẹ ti rò lọ. Bí “ẹni” bá lè yọ obìnrin sílẹ̀ ní 1928, tí “ẹni” yẹn kan náà sì gbà á wọlé ní 1929, a jẹ́ pé agbára ni ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kọ́.

Ẹ wo èdè Túrkì àti èdè Páṣíà. Àwọn méjèèjì dà bí tiwa: arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo fún ọkùnrin àti obìnrin. Bí gírámà bá ń tú ènìyàn sílẹ̀, àwọn obìnrin Ìráànì ni ì bá ti kọ́kọ́ gba òmìnira. Ẹ tún wá wo Iceland. Èdè wọn ń pín gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ, abo àti èyí tí kì í ṣe méjèèjì, orúkọ tí wọ́n sì ń pe mínísítà ní “olúwa” ọkùnrin nínú títí di òní, kódà bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó wà ní ipò náà. Síbẹ̀, nínú ètò tí World Economic Forum, àjọ àgbáyé kan lórí ọ̀rọ̀ ajé, fi ń díwọ̀n ìdọ́gba láàárín ọkùnrin àti obìnrin, Iceland ni ó ti ń wà ní ipò kìíní láti ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá. Kì í ṣe àtúnkọ ìwé ni ó gbé wọn débẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1975, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè náà ni ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìbá à jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù tàbí iṣẹ́ ilé. Ilé ẹ̀kọ́ tì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ dákẹ́, àwọn bàbá gbé ọmọ lọ sí ibi iṣẹ́. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e ni òfin ìdọ́gba jáde, nígbà tí ó sì di 1980, wọ́n dìbò yan Vigdís Finnbogadóttir gẹ́gẹ́ bí ààrẹ.

Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé àtúnkọ ọ̀rọ̀ rọrùn, àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ yóò sì tètè fara mọ́ ọn nítorí pé kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò ya fọ́tò, akápò yóò sì tún dá opó padà ní ọjọ́ kejì. Bí mo bá jẹ́ akọ̀wé, akápò ni n ó kọ́kọ́ bá wí. Ẹ pàṣẹ fún un pé kí ó gba fọ́ọ̀mù obìnrin bí ó ti ń gba ti ọkùnrin. Kí a tún òfin kọ lẹ́yìn ìyẹn, bí àyè bá wà.


Ògbufọ̀

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí ibi tí ojú mi ti ń rí i lójoojúmọ́.

Ẹ gba gbólóhùn yìí wò: “Ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó fọ ọwọ́, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá.” Bí mo bá fún ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pé kí ó tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ni yóò fi ṣe é, kò ní bi mí léèrè. Bí mo bá yí i padà sí “Ó pọn ọmọ, ó sì gbálẹ̀ yàrá,” obìnrin ni yóò fi ṣe é. Ta ni ó sọ fún un? Ọ̀rọ̀ “ó” kò sọ. Kọ̀ǹpútà pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara ohun tí a ti kọ ni ó ti kọ́ ọ. Èdè Túrkì ni wọ́n fi rí i kedere: dókítà ń di ọkùnrin, nọ́ọ̀sì ń di obìnrin, títí Google fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtumọ̀ méjèèjì hàn fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní òpin 2018. Nítorí náà, mo gbà fún Aṣiyèméjì pé arọ́pò-orúkọ kì í tú ènìyàn sílẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé èdè wa kò dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí ó ti dá sí i pọ̀. A ń sọ pé “awakọ̀ obìnrin”, “adájọ́ obìnrin”, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí a kò fi nǹkan kún, ọkùnrin ni ó ń wá sọ́kàn. Bí obìnrin bá ṣe ohun tí ó le, oríyìn tí ó ga jù tí a ní fún un ni “obìnrin bí ọkùnrin”. Bí ọkùnrin bá ṣojo, a ní ó ń ṣe bí obìnrin. Akọ ni a fi ń pe ohun tí ó bá le: akọ iṣẹ́, akọ òkúta. Àwọn ọkùnrin pàápàá kò mú un jẹ gbé, nítorí pé “akọ igi kì í ṣoje” ni a fi ń di ọmọdékùnrin lẹ́nu nígbà tí ara bá ń ro ó, bí ó bá sì dàgbà tán tí kò lè sọ ohun tí ń ṣe é, ẹnu a máa yà wá. Ní ti orúkọ oyè, “Ọ̀gbẹ́ni” kò sọ bóyá ọkùnrin ti gbéyàwó tàbí kò tíì gbé, ṣùgbọ́n “Omidan” àti “Ìyáàfin” ti sọ ti obìnrin kí ó tó la ẹnu. Àwọn ará Jámánì yọ irú oyè bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọba ní 1972, Faransé ṣe tiwọn ní 2012. Àwa ṣì ń kọ ọ́ sórí àpòòwé.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù kì í ṣe orúkọ rárá, bí a ṣe ń to gbólóhùn ni. Ẹ tẹ́tí sí ìròyìn bí a ti ń kà á: “Wọ́n ti fi ipá bá ọmọbìnrin kan lò pọ̀.” “Wọ́n” wo nìyẹn? Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ṣe é, ó ní orúkọ, ó ní àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n “wọ́n” ti gbé e pamọ́ sáàárín èrò. Ọmọbìnrin nìkan ni ó ṣẹ́ kù lójú gbólóhùn náà, nítorí náà òun ni gbogbo ìbéèrè ń lọ bá: kí ni ó wọ̀, ta ni ó ní kí ó jáde, kí ló dé tí kò pariwo. Bí a bá kọ ọ́ pé “Ọkùnrin kan fi ipá bá ọmọbìnrin kan lò pọ̀,” ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu ènìyàn yóò yàtọ̀. Mo ti ń yí i padà báyìí nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó bá gba ọwọ́ mi kọjá, àwọn olóòtú kan a máa dá a padà sí bí ó ti wà. Wọ́n ní ti tèmi gùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bẹ́ẹ̀ ni gírámà ṣe rí láti ọ̀run wá. Nígbà tí Nicolas Beauzée, onímọ̀ gírámà ilẹ̀ Faransé, ń ṣàlàyé ní 1767 ìdí tí akọ fi ń borí abo bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú gbólóhùn Faransé, ohun tí ó kọ ni pé akọ ni a kà sí ọlọ́lá jù, nítorí pé ọkùnrin ga ju obìnrin lọ. Ó sọ ọ́ jáde gbangba. Àwọn tí ó kọ́ òfin náà lẹ́yìn rẹ̀ kàn fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ni, wọ́n di òfin mú.


Aṣiyèméjì

Ògbufọ̀, ti “wọ́n” yẹn wọ̀ mí lára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìwà àwọn olóòtú ni ó ń dá a padà, èyí ni mo sì ń wí.


Alága

“Alága” ni mo kọ sí orúkọ mi, n kò kọ “alága obìnrin”, Ògbufọ̀ yóò sì mọ ìdí rẹ̀.

Mo ti darí ìpàdé fún ìgbà pípẹ́, ohun tí n ó fi kún ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀. Ẹ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ní 2017, Tonja Jacobi àti Dylan Schweers gbé ìwádìí jáde lórí ìjókòó ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn adájọ́ obìnrin ni wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ wọn jù: àwọn adájọ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ń ṣe é, àwọn agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ pé ìtìjú lásán ì bá mú kí wọ́n dákẹ́ náà ń ṣe é. Bí wọ́n bá lè já lu ọ̀rọ̀ adájọ́ nínú aṣọ oyè rẹ̀, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí opó tí ó wá béèrè ẹ̀yáwó. Ní 2021, ilé ẹjọ́ náà yí ètò padà kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní àyè láti béèrè ìbéèrè tirẹ̀ bí ipò wọn bá ti tẹ̀ léra, Adájọ́ Sonia Sotomayor sì sọ ní gbangba pé ìwádìí náà wà lára ohun tí ó fa ìyípadà yẹn. Wọn kò dúró kí ìwà kọ́kọ́ yí. Ètò ni wọ́n yí padà, ìwà sì ní láti tẹ̀ lé e. Aṣiyèméjì, ẹ bá mi rò ó.

Akọ̀wé, ibì kan wà tí kò kan ìgbìmọ̀ rárá, ọwọ́ yín nìkan ni ó wà. Nínú ìpàdé, obìnrin a dá àbá, kò ní sí ẹni tí yóò fèsì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ọkùnrin kan a tún un sọ, gbogbo ilé a ní “Ẹ kú ọpọlọ.” Bí àkọsílẹ̀ ìpàdé bá jáde, orúkọ ọkùnrin yẹn ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbá náà. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ lọ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé yín ti ọdún tí ó kọjá, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá gbogbo àbá tí ẹ rántí pé obìnrin ni ó kọ́kọ́ mú wá ni ó wà lórúkọ ẹni tí ó ni í.


Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ òfin náà lọ́nà mìíràn, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: “Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ mú ẹni kan láti inú ìdílé rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.” Mo ti yọ “olórí” kúrò. Àgbà ìgbìmọ̀ náà ní òun lè fara mọ́ èyí. Aṣiyèméjì, mo bá akápò sọ̀rọ̀ bí ẹ ti wí. Ó ní ohun tí ó wà nínú ìwé ni òun ń tẹ̀ lé, àti pé bí ìwé bá yí padà, òun náà yóò yí padà.


Agbẹjọ́rò Tó Ti Fẹ̀yìntì

Akápò ti dá Aṣiyèméjì lóhùn fún mi nìyẹn.

Akọ̀wé, mo rí ìdí tí àgbà ìgbìmọ̀ fi lè fara mọ́ ọn. “Ẹni kan láti inú ìdílé rẹ̀” yóò tún di ọkọ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àyè tí ó lè túmọ̀ sí ọ̀nà méjì ni ẹ tún fi sílẹ̀. Ní 1945, nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní San Francisco, Bertha Lutz tí ó ṣojú Brazil ta kú pé kí wọ́n dárúkọ obìnrin nínú rẹ̀ ní tààrà. Àwọn kan nínú àwọn aṣojú tí wọ́n jẹ́ obìnrin pàápàá rò pé kò pọn dandan. Ó rí ohun tí ó ń wí: ìwé náà sọ nípa ẹ̀tọ́ dídọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, kò fi sí abẹ́ “gbogbo ènìyàn”. Ní 1948, nígbà tí ó kan ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Hansa Mehta láti Íńdíà ni ó mú kí wọ́n yí “gbogbo ọkùnrin ni a bí ní òmìnira” padà sí “gbogbo ènìyàn”. (Ìpín àkọ́kọ́ ìkéde náà ṣì parí sórí kí a máa bá ara wa lò bí arákùnrin, nítorí pé ènìyàn kò lè mú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.)

Bí ó bá jẹ́ èmi, báyìí ni n ó kọ ọ́: “Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ yá owó, ìbá à jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, yóò mú ẹlẹ́rìí kan wá tí ó ti pé ọmọ ọdún 18, ìbá à jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tí kì í sì í ṣe ẹni tí ń yá owó náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò yan ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè ìbuwọ́lù ọkọ, aya, òbí tàbí ẹbí ọkọ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kankan gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà kí ó tó rí ẹ̀yáwó gbà.”

Ó gùn, mo mọ̀. Ẹ kíyè sí i pé “tí kì í ṣe ẹni tí ń yá owó náà fúnra rẹ̀” yóò kan àwọn ọkùnrin tí ń buwọ́ lu àyè méjèèjì. Níbẹ̀ ni ariwo yóò ti sọ nínú ìpàdé yín, kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí Alága kọ́ yín bí a ti ń fún olúkúlùkù láyè sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé e síwájú wọn. Ẹ sì gba gbogbo fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí ó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ akápò kí ọjọ́ tí òfin tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ tó dé. Bí ẹyọ kan bá kù sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, obìnrin ni yóò kọ́kọ́ fún.